Ìwọ̀n Méjìdínláàádọ́rin

Kò tóbi ju èékánná ọmọdé lọ,
bíńtín dúdú tí a lẹ̀ mọ́ gíláàsì:
fanádíọ̀mù, irin tó gbé ọ́síjìn níyàwó.
Mo gbé e ka iná kékeré
nínú yàrá ìwádìí wa ní Ẹ̀pẹ́,
níbi tí fèrèsé ti kọjú sí ọ̀sà,
tí atẹ́gùn ń gbé òórùn ẹja yíyan wọlé
láìkan ilẹ̀kùn.

Lójú lásán, ó dúró jẹ́ẹ́.
Irọ́ ni. Kò sí òkúta tó dúró jẹ́ẹ́ láyé yìí.
Mo tan iná lésà aláwọ̀ ewé sí i lára,
ìmọ́lẹ̀ náà padà, àwọ̀ rẹ̀ yẹ̀ díẹ̀,
ìyẹ̀ yẹn ni mo fi ń ka ìgbọ̀nrìrì rẹ̀:
átọ́ọ̀mù kan ń mì lọ pọ̀, wọ́n ń mì bọ̀ pọ̀,
bí ọkọ̀ tí wọ́n so mọ́ èbúté kan náà;
àwọn mìíràn, bí èyí bá ń lọ, èkejì á máa bọ̀,
bí ẹni méjì tó di ayùn mú
nínú gẹdú tútù.

Nínú òtútù, méjì-méjì ni fanádíọ̀mù ń dúró.
Èyí á fara ti èkejì, wọn á dì mọ́ra,
wọn á fi àlàfo sáàárín àwọn àti aládùúgbò.
Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù há sáàárín tọkọtaya,
kò ríbi lọ.
Iná mànàmáná kan ilẹ̀kùn títí, kò rẹ́ni ṣí i.

Mo ń ka tẹmomítà.
Àádọ́ta. Ọgọ́ta. Kò sí nǹkan.
Márùndínláàádọ́rin: ìlà tó mú ṣonṣo lórí ìwé
bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́, bí òkìtì iyanrìn tí omi ń lá.
Ó di méjìdínláàádọ́rin,
wọ́n jáwọ́ lára wọn!
Gbogbo wọn tò gbọọrọ, àlàfo kan náà,
abẹ́rẹ́ mítà fò sókè.
Ohun tó ti iná mọ́ta láìpẹ́ yìí ti di irin.
Kò yọ́ o. Kò jó.
Ara kan náà ni, ìtò ló yí.

Ni wọ́n bá múná lọ.
Dókítà Ọnàfowókàn ń pariwo jẹnẹrétọ̀ nísàlẹ̀.
Bátìrì ló gbé mítà ró,
mo jókòó sókùnkùn, mo ń wò ó bó ṣe ń tutù.
Mẹ́rìndínláàádọ́rin: irin ni.
Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta: irin ni síbẹ̀.
Ó kọjá ibi tó ti yí, kò tilẹ̀ wo ibẹ̀.
Ìgbà tó sọ̀ dé mọ́kànlélọ́gọ́ta
ló tó rántí pé òun ní ẹnìkejì.

Bàbá mi, Rábíù, a-tún-ẹ́ńjìnnì-ọkọ̀-ṣe,
tí ìpẹtà pọ́n ní ìka bí osùn,
ọjọ́ ooru kan ló jáde nílé wa ní Pópó-Òbá.
Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló gbóná jù.
Ọdún kẹrin, ó padà, ó ní inú òun ti rọ̀.
Ìyá mi, Kúbúrátù, gbé àga fún un síta.
Síta náà ló jókòó sí.
Ó ń wá lọ́jọ́ gbogbo, ó ń bó ìpẹtà lára ẹ́ńjìnnì onílé,
òjò ọdún méjì sì rọ̀ kọjá lórí àga yẹn
kí ìyá mi tó gbé e wọlé.
Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí, mo pè é ní agídí.
Mo rò pé ibi tí okùn ti já
náà ló yẹ kí wọ́n ti so ó.

Iná dé.
"Tún un gbé kaná," ni Dókítà wí láti ẹnu ọ̀nà.
Mo ní kó ní sùúrù.
Mo ń wo mítà: kì í ṣe gbogbo wọn ló tíì padà.
Àwọn kan ṣì ń wá ara wọn.