Ẹmu àti Ẹ̀mú

Ọjọ́ kejì tí iná kú nínú ìléru Dona Idalina
ni wọ́n pè mí. Oṣù Èrèlé, New Bedford,
títì funfun bí ẹ̀kọ tútù, ọkọ̀ apẹja dì mọ́ èbúté.
Mo gbé àpótí irinṣẹ́ sọ̀kalẹ̀ sí yàrá abẹ́ ilé,
mo tú ìléru, mo pààrọ̀ wáyà kan tó ti jóná.
Ó húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó gbiná.

Ìgbà tí mo yíjú ni mo rí i:
ìgò dúdú kan, ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lórí pákó,
eruku bò ó, wọ́n fi ẹfun tọ́ ọ lára lójú kan ṣoṣo.
“Má yí i o!” ni ìyá ké láti orí àtẹ̀gùn.
“Ojú ẹfun ló gbọ́dọ̀ máa wòkè.
Ó ti ń wòkè láti kékeré Anselmo ọmọ mi.”

Ó jókòó, ó ń sọ, mo ń gbọ́.
Létí odò Douro, òkúta ni wọ́n ń pè ní ilẹ̀.
Òòlù ni baba rẹ̀ fi là á kó tó ríbi gbin àjàrà;
gbòǹgbò ń wá omi kiri nínú pàlàpálá
bí ẹni ń wá kọ́bọ̀ tó bọ́.
Bí wọ́n bá kórè tán, ọkùnrin á ká ṣòkòtò,
wọ́n á wọnú ọpọ́n òkúta, èjìká mọ́ èjìká,
wọ́n á máa tẹ̀ ẹ́, ọ̀kan, èjì, ọ̀kan, èjì,
títí ọ̀gànjọ́, itan wọn á pọ́n bíi ti ẹni tó ti ogun bọ̀.
Oje á wá bẹ̀rẹ̀ sí í hó.

Ibẹ̀ ni mo ti já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀:
“Mo mọ híhó. Baba mi ń dá ẹmu, ní Ìlá.
Èyí tó gbé sọ̀ láàárọ̀, ọmọdé lè mu ún;
lọ́sàn-án ó ti di ti àgbà;
bó bá di ọ̀la, ẹ gbé e fún ẹni tó fẹ́ jà.”
Ìyá rẹ́rìn-ín. Ó ní tiwọn, wọn kì í jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán.
Adùn ṣì ku ìdajì, wọ́n á da ọtí líle lé e,
funfun, ẹbí ogógóró.
Híhó á kú fin-ín,
adùn á há sínú, kò ní rọ́nà jáde mọ́.
Ọdún tí kò bá sì tó ọdún,
wọn kì í fi orúkọ rẹ̀ pe ọtí.

Mo dákẹ́. Àgùdà là ń pe èèyàn rẹ̀ nílé wa.
Ọtí wọn ti mọ èbúté wa rí,
ó mọ ohun tí wọ́n fi òun rà.
N ò sọ ọ́. Ó ń wo ọwọ́ mi.

Anselmo wà ní Arizona, ìtọ̀ ṣúgà ti gba adùn lẹ́nu rẹ̀.
“Ẹ tà á,” ló wí lórí fóònù.
“Òtútù ti mú un fọ́jọ́ méjì,” ni ìyá wí. “Jẹ́ ká ṣí i.”

Kọ́ọ̀kì ti rà, ó ń fọ́ bí àkàrà àná.
“Ṣé o ní irin tí wọ́n fi ń mú iná?”
Mo ní, nílé wa ẹ̀mú lorúkọ rẹ̀; ti baba mi ni ẹmu.
Mo kì í bọná títí ó fi pọ́n bí ẹyìn,
mo fi gbá ọrùn ìgò mú,
ìyá fi àkísà tó ti rẹ sínú yìnyín nù ún.
Kàà!
Ọrùn gé, bí ẹni fi ọ̀bẹ gé iṣu sísè.

Ó tan àbẹ́là sẹ́yìn ìgò, ó ń dà á wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́,
ó ń ṣọ́ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Ìyẹn dé ọrùn, ó dúró.
Ẹni ọgọ́rin ọdún, ọwọ́ rẹ̀ ò gbọ̀n.
Mo tọ́ ọ wò: àgbálùmọ̀ tó pọ́n kọjá,
lẹ́yìn náà èéfín,
lẹ́yìn náà ohun kan tí n kò mọ orúkọ rẹ̀.

Mo kọ ìwé owó: wáyà kan, wákàtí kan.
Ó kà á, ó ní mo gbàgbé ẹ̀mú.
Ẹmu ló pè é.
Mo tún un sọ fún un. Ohùn sísàlẹ̀, ohùn òkè.
Ó ń tẹ̀ lé mi lẹ́nu, ó rọra ń gbé e,
ọ̀kan, èjì, ọ̀kan, èjì,
bí ẹni ń tẹ àjàrà.