Àǹkórà

Mosúnmọ́lá dé láti Ítálì lọ́sẹ̀ tí ọyẹ́ kọ́kọ́ mú,
pẹ̀lú àpótí méjì àti ọ̀rọ̀ kan tí kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀.
A bu ọbẹ̀ sí abọ́ rẹ̀, ó ní, "Àǹkórà."
Ìyá wa, tí etí rẹ̀ ti ń di díẹ̀díẹ̀,
ní, "Àǹkárá? Èwo nínú rẹ̀?
Ṣé èyí tí a fi ránṣọ ìsìnkú bàbá yín?"
A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

Lálẹ́, ní Odòjọmù,
lórí pèpéle tí a ti ń sá kòkó nígbà tí kòkó wà,
mo bi í pé kí ni ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí.
Ó ní, "Èwo nínú rẹ̀?

Ìyá arúgbó kan wà tí mo ń tọ́jú ní Torínò.
Bí mo bá fi ṣíbí bọ́ ọ, tó bá dùn mọ́ ọn,
á ní àǹkórà: bù sí i.
Bí mo bá yọjú láàárọ̀, tí inú rẹ̀ kò dùn,
á ní àǹkórà: ìwọ náà tún ni.
Bó bá ta jí lóru, tó nawọ́ wá mi nínú òkùnkùn,
àǹkórà? O ṣì wà níbẹ̀?
Ní ọ́fíìsì tí a ti ń gba ìwé ìgbélùú,
ọkùnrin tó wà lẹ́yìn gíláàsì kì í wojú èèyàn.
Nọn àǹkórà. Kò tíì jáde.
Ọdún mẹ́rin ni 'kò tíì' yẹn gbà lọ́wọ́ mi.
Inú rẹ̀ ni bàbá kú sí."

Mo dákẹ́.
Fóònù ni mo ń tún ṣe ní Sábó, mo mọ "tún" dáadáa:
mo tú u, mo tún un tò,
ibi tó já, mo fi òjé lẹ̀ ẹ́.
Irinṣẹ́ tí a fi ń tú "kò tíì" ni n kò ní.

Ó ní, "Ó ku ẹyọ kan.
Bí o bá tẹ ohùn mọ́ iwájú rẹ̀,
tí o sọ ọ́ bí ìgbà tí òkò ba páànù,
ó ti di nǹkan mìíràn. Ìdákọ̀ró ni.
Irin tí wọ́n ń jù sómi kí ọkọ̀ má baà lọ."
Mo ní kí wọ́n rọra o,
àwa tí a fi ọkọ́ sílẹ̀ sóko, tí ọkọ̀ wa wà ní títì,
tí ọkọ ń bínú nílé, a kò tíì pariwo.
Kò rẹ́rìn-ín.
Apá ọ̀nà Àkúrẹ́ ló ń wò.

Ọjọ́ tó máa lọ, takisí ti dé kí ilẹ̀ tó mọ́.
Ìyá fún un ní gààrí, ó fún un ní ẹja gbígbẹ,
ó fún un ní ìrù tí ó fi ọ̀rá mẹ́ta wé
kí àwọn òyìnbó má baà gbóòórùn rẹ̀.
Mosún ní, "Ìyá, ó tó."
Ìyá ní, "Àǹkárá,"
ó sì tún bu gààrí sí i.
Kò sí ẹnì kankan nínú wa tó tún un ṣe fún un.

Dírẹ́bà fun fèrè lẹ́ẹ̀kan, ó tún fun ún.
Mosún ti jókòó, ó ti pa ilẹ̀kùn dé,
ọwọ́ Ìyá ṣì gba ojú fèrèsé wọlé,
ó di okùn báàgì náà mú.