Bí Afẹ́fẹ́ Ṣe Ń Ka Nǹkan

Ní Òde-Omi, èmi ni wọ́n ní kí n kọ ohun tó bàjẹ́.
Ìjì oṣù Agẹmọ ló kọ́kọ́ dé:
aṣọ mẹ́ta já lórí okùn,
òkun gbé fìlà Ọ̀nàfowókàn lọ.
A rẹ́rìn-ín.

Ti àná kò tó ìlọ́po méjì rẹ̀.
Mo ti fẹ́ kọ aṣọ mẹ́fà, fìlà méjì.
Páànù méjìdínlógún.
Ahéré tí ìyá Ṣówẹ̀mímọ̀ ti ń yan ẹja, tàwọ̀n tàwọ̀n.
Ọkọ̀ mẹ́rin dojú dé; ìkarùn-ún ń bẹ lórí àgbọn.

Ọ̀nàfowókàn wo ìwé mi, ó mirí:
"Ení lo fi ń lé ení.
Afẹ́fẹ́ kì í kà bẹ́ẹ̀."

Ó nawọ́ síbi tí ilé bàbá rẹ̀ wà
kí wọ́n tó bí mi.
Omi ni mo rí.