Igi tí Bùsàírì Gbé Dé

Ọdún mẹ́ta ààbọ̀ ni Bùsàírì fi lọ.
Nígbà tó padà sí Òkè-Àlúkò
kò mówó dé, kò mú Líbíyà dé.
Àpò ìrẹsì kan ló sọ̀ kalẹ̀ léjìká,
ohun inú rẹ̀ sì dún gbì mọ́lẹ̀.

"Igi ni," ó wí.
Àwa ọmọdé bú sẹ́rìn-ín.
Òkúta la rí, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú
bí ilẹ̀ ojú ọ̀nà Ìdófìán,
ó tutù bí ikùn àmù.

Bàbá mi, Mùnírù káfíńtà, kò rẹ́rìn-ín.
Ó fi etí ṣẹ́ẹ̀tì nù ún,
ó gbóòórùn rẹ̀ bí ẹní gbóòórùn pákó afàrà,
ó ka ìlà róbótó inú rẹ̀:
àádọ́ta, ọgọ́ta, ó ṣì í kà, ó tún un kà.
"Ẹ wo ibi tí ẹ̀ka ti yọ.
Ẹ wo ihò kòkòrò.
Igi ni. Ilẹ̀ ló gbàgbé láti jẹ ẹ́."
Ó gbé ìṣó lé e; ìṣó tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja.
Ó gbé ayùn lé e; eyín mẹ́rin ká lẹ́nu ayùn.

Lálẹ́, Bùsàírì sọ díẹ̀.
Ọkọ̀ kú lẹ́yìn Àgádẹ́ẹ̀sì.
Wọ́n fẹsẹ̀ rìn ọjọ́ méjì,
wọ́n wá rí igbó lọ́ọ̀ọ́kán,
wọ́n sáré, wọ́n ń pariwo ibòòji.
Igbó tó nà gbalaja ni,
kò séwé, kò sẹ́yẹ,
ìtì lórí ìtì, gbogbo rẹ̀ òkúta.
"Òtútù òru mú wa láàárín igi,
a ò rí igi dáná."
Gàníyù ará Ajíkòbí fẹ̀yìn ti ọ̀kan.
Ibẹ̀ ni Bùsàírì máa ń dákẹ́ sí.

Àdúgbò ní orí rẹ̀ ti yí.
Ìlú tí wọ́n ti ń lọ irin lórí òkúta
kí wọ́n tó bí baba ńlá ẹnikẹ́ni,
ta ló ránṣẹ́ òkúta sí aṣálẹ̀?
Bàbá mi ò dá wọn lóhùn.
Ara rẹ̀ ló ń lọ ẹnu ìfági rẹ̀ láràárọ̀,
ṣìṣì, ṣìṣì,
igi tí àáké ò ràn mọ́
ń pọ́n irin tí yóò fá igi.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni ìyá Gàníyù ń wá.
Kì í bi Bùsàírì léèrè mọ́.
Á jókòó ti igi náà,
á máa fìka wá ihò kòkòrò,
á da omi tó ṣẹ́ kù nínú bútà àlùwàlá rẹ̀ lé e.
Àwọ̀ inú rẹ̀ á jí:
pupa, ìyeyè, dúdú bí èédú,
àfi bíi pé ó fẹ́ hù.

Kì í pẹ́ tó fi ń gbẹ.
Ọyẹ́ ti dé,
ibẹ̀ náà ló sì ti ń bọ̀.