Mẹ́rìndínlógún, Yọ Ẹyọ Kan

Iná ti lọ ní Òkè-Fìà láti àárọ̀.
Bátìrì ọ̀kadà kan ló ń bọ́ pátákó tó wà níwájú mi,
pátákó aláwọ̀ ewé, kò tó ìwé àdúrà,
ó ń jẹun bí ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá:
òkèlè kan, ó ti yó.
Èmi Ọ̀ṣúnníyì ni mo tọ́ ọ bẹ́ẹ̀.
Ọ̀pọ̀ òru ni mo fi tọ́ ọ.

Ohùn kan kúrò ní Ìlobùú, mẹ́ta ló dé ọ̀dọ̀ mi.
Ọ̀kan gba ọ̀nà tààrà.
Ọ̀kan lọ forí sọ páànù ilé-iṣẹ́ irin tí kò dún mọ́.
Ẹ̀kẹta, n ò mọ ibi tó yà sí,
bóyá àpáta, bóyá tánkì omi ẹnìkan,
ó dé lẹ́yìn gbogbo wọn, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.
Wọ́n wá ń sọ̀rọ̀ lu ara wọn
bí ẹbí tó fẹ́ pín ogún.

Ìyá àgbà mi, aláró ni, ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun.
A máa da eérú sínú ìkòkò tí ìdí rẹ̀ lu,
a bu omi lé e, a jókòó ti ohun tó ń kán.
A fi ìka kan tọ́ ọ wò, a tutọ́,
a ní, “Kò tíì le,”
a fi ẹ̀kúnwọ́ eérú kan sí i.
Ahọ́n rẹ̀ ni ìwọ̀n.

Ohun tí pátákó yìí ń ṣe nìyẹn.
Ó méfò gbohùngbohùn tó ń bọ̀, ó yọ ọ́ kúrò,
ó tọ́ ohun tó ṣẹ́kù wò. Àṣìṣe ló ṣẹ́kù.
Ó fi àṣìṣe náà tún ọwọ́ rẹ̀ ṣe
díẹ̀ bí ẹnu abẹ́rẹ́,
ó tún méfò,
ẹgbàárin ìgbà kí aago tó ta kẹ́ẹ̀ kan.
Bó bá kánjú, á fò kọjá ibi tó yẹ kó dúró.
Bó bá fà, ọ̀rọ̀ á ti lọ.

Ìlọ́po ni gbèsè ibẹ̀. Ìlọ́po ní í mu bátìrì gbẹ.
Níbi tí mo ti kọ́ṣẹ́ ní Ẹdẹ, wọ́n ní kí n ra pátákó ńlá.
Owó dà?

Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo fẹ́ lọ́po nọ́ńbà kan ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún:
ìlọ́po mẹ́jọ, ti mẹ́rin, ti méjì, òun fúnra rẹ̀,
kí n wá rò wọ́n pọ̀. Orí ń fọ́ mi.
Ọmọ fọganáísà ń ka owó nísàlẹ̀ fèrèsé:
“mẹ́tàdínlógún, méjìdínlógún, mọ́kàndínlógún…”
Mo dìde dúró.
Àwa tí a máa ń dé ogún kí a tó dé e,
tí a ń fi ẹ̀yìn rìn bọ̀ lẹ́sẹ̀ mẹ́ta, méjì, ọ̀kan!
Wọ́n nà mí ní pírámárì torí mo kàwé báyìí.

Sún nọ́ńbà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹrin, ó di ìlọ́po mẹ́rìndínlógún.
Ìsún kò náni ní nǹkan, wáyà lásán ni.
Yọ ẹyọ kan.
Ìyọkúrò kan ṣoṣo
níbi tí ìròpọ̀ mẹ́ta ti ń làágùn.

Lọ́sàn-án òní, Oyèkànmí gbé ẹ̀rọ sí Màmá lẹ́nu.
Màmá mẹ́ta. Màmá méjì àti ààbọ̀.
Lẹ́yìn náà, bí ìgbà tí ènìyàn ti ilẹ̀kùn yàrá kejì,
Màmá nìkan, tòun ti ikọ́ rẹ̀,
ó ń bèèrè bóyá mo ti san owó omi.

Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò bú sẹ́kún.
Pátákó kọsẹ̀, ó ṣì í, ó ṣì í díẹ̀ sí i,
ó dìde.
Mo fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀. Ó tutù bí ìdí ìkòkò.

N ò tíì san owó omi.