Iyọ̀ Yọ́

Ọjọ́ kọkànlá rèé ní Apatiti, lókè téńté ilẹ̀ Rọ́ṣíà,
tí oòrùn ò yọ.
Mí síta, èémí rẹ á dì mọ́ ọ nípèéǹpéjú.
Avgusta Lvovna bọ́ bàtà onírun sẹ́nu ọ̀nà,
ó tẹjú mọ́ mítà ara ààrò:
ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún ìwọ̀n, ó pé géérégé.
Oòrùn ò yọ. Iyọ̀ yọ́.

Iyọ̀ yìí kì í ṣe tọbẹ̀.
Ó fẹ́ràn omi ju ẹja lọ:
ṣí ìdérí rẹ̀ níṣẹ̀ẹ́jú kan,
á ti mu ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ yó.
Ọjọ́ mẹ́ta ni Avgusta fi yan án gbẹ,
díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń rẹ ọmọ tó ń sunkún,
kó tó yọ́, kó tó mọ́ gaara bí omi orísun.
Ìka tó bá kàn án, ó di ìtàn.

Òkúta funfun kan, kò ju bọ́tìnnì ẹ̀wù lọ:
níóbíọ̀mù, tí ọ́síjìn ti wé mọ́ láti ìwáṣẹ̀.
Iná lásán ò yà wọ́n.
Ó so ó mọ́ wáyà, ó rì í sínú iyọ̀,
ó sì fi iná mànàmáná tì í,
fóòtì mẹ́ta, bíi ti bátìrì tọ́ọ̀ṣì méjì.
Ọ́síjìn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ kúrò,
ó ń lúwẹ̀ẹ́ lọ bá ọ̀pá èédú lódìkejì,
ó ń jẹ ẹ́,
ó ń bá èéfín lọ.

"Ṣé kò tíì tó?"
Yeremey ni, akẹ́kọ̀ọ́ láti Lovozero,
ọmọ àwọn tó ń da àgbọ̀nrín lórí yìnyín.
Avgusta ò fèsì. Ó ń fi ọ̀bẹ ra bọ́tà sára búrẹ́dì dúdú.
Lóṣù tó kọjá, ọmọ yìí kánjú yọ ọ́.
Wọ́n fi ayùn là á:
ẹ̀yìn ti di irin, inú ṣì funfun bí ẹfun.
Ara ti gbà, inú ò gbà.

Wákàtí méjìdínlógún. Abẹ́rẹ́ mítà rọra wálẹ̀.
Wọ́n fà á jáde, wọ́n jẹ́ kó tutù, wọ́n jù ú sínú omi.
Iyọ̀ tí wọ́n fi ọjọ́ mẹ́ta lé omi lára rẹ̀,
omi náà ló wá gbé e lọ.
Yeremey fi fáìlì ha á lẹ́ẹ̀kan. Ó kọ mànà.
Ó pariwo ayọ̀, ó fẹ́ẹ̀ da tíì nù.

"Wọ̀n ọ́n ná," ni Avgusta wí.
Ó fúyẹ́ ju bó ṣe wọlé lọ.

Aago mọ́kànlá òwúrọ̀, fèrèsé ṣì dúdú.
Lórí tábìlì, kò sẹ́ni tó wo ọ̀pá èédú,
tó ti tín bíi pẹ́ńsù.