Kí Ó Má Ṣe Sùn

Ọjọ́ Ẹtì ni mo ti palẹ̀ rẹ̀ mọ́:
mo kọ nọ́ńbà ẹ̀rọ náà sẹ́yìn rìsíìtì búrẹ́dì,
mẹ́sàn-án, wọ́n tò bí eyín ọmọdé,
àlàfo wà láàárín wọn.
Mo fi ọ̀rọ̀ ìwọlé kan tì í, mo fi òmíràn tì í,
fóònù mi sì di ẹlẹ́rìí kẹta
tí yóò máa bi mí pé, "Ṣé ìwọ ni?"
kí ilẹ̀kùn tó ṣí.
Mo pa iná ọ́fíìsì. N ò pa kọ̀ǹpútà.
Mo wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Hvalba,
nítorí egungun ìbàdí ìyá mi ti yẹ̀
lórí àtẹ̀gùn tó ti ń gùn láti ìgbà ọmọge rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, ìjì dé.
Afẹ́fẹ́ gbá òkun létí, òkun gbá a padà.
Wọ́n ní ọkọ̀ kankan kò ní lọ sí Tórshavn
lónìí, bóyá lọ́la náà.
Owó iṣẹ́ ènìyàn mẹ́tàlélógójì
tó ń la ẹja ní etíkun
wà nínú àpótí kan lábẹ́ tábìlì mi níbẹ̀,
ọ̀sán Ọjọ́rú ni wọ́n sì ń retí rẹ̀.
Mo gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká kalẹ̀ ní ilé ìdáná,
láàárín abọ́ ọ̀dùnkún àti oògùn ìrora.
Mo tẹ nọ́ńbà. Mo tẹ ọ̀rọ̀ kìíní, mo tẹ èkejì.
Fóònù ní, "Ṣé ìwọ ni?"
Mo ní, "Èmi ni."
Òrùka kékeré kan ń yí, ó ń yí, ó ń yí.
Lẹ́yìn náà: A kò rí ẹ̀rọ tí ẹ ń wá.

Gbogbo rẹ̀ ni mo ṣe. Ohun kan ṣoṣo ni mo gbàgbé:
n ò sọ fún un pé kó má ṣe sùn.
Ìyá mi, tí mo bẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́ pé kó sùn,
kò sùn.
Èyí tó yẹ kó máa ṣọ́nà dè mí
ló ń hanrun ní òdìkejì òkun.

Mo pe Hanus, ọkùnrin tí ń nu ilẹ̀ ọ́fíìsì wa,
ẹni àádọ́rin ọdún, fóònù rẹ̀ ṣì ní bọ́tìnnì.
Ó ní, "Èwo nínú wọn?"
Mo ní, "Èyí tó ní òdòdó lẹ́gbẹ̀ẹ́."
Ó ní, "Òdòdó yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú, Rannvá."
Mo gbọ́ mímí rẹ̀, mo gbọ́ igbe àga.
"Ó tàn."

Ojú iṣẹ́ mi là síwájú mi
bí fèrèsé tí ẹlòmíràn ṣí láti inú.
Mo mú ọfà náà rìn díẹ̀,
Hanus pariwo sí mi létí:
"Ó ń rìn! Ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án!"
Èmi ni, Hanus. Ọwọ́ mi ló gùn tó báyìí,
tó la omi kọjá,
tí kò sì lè tẹ bọ́tìnnì kan.

Mo ṣí ojú ewé òfìfo kan, mo kọ ọ́ síbẹ̀: O ṣeun.
Ó pẹ́. Mo rò pé ó ti bá ìgbálẹ̀ rẹ̀ lọ.
Àfi bí lẹ́tà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lọ́kọ̀ọ̀kan,
bí ẹni ń kó ẹyin nínú ìtẹ́:
màmá ńkọ́
Mo kọ: Kò rí oorun sùn.
Ó tún pẹ́.
sọ fún un pé hanus kí i
ó di ọwọ́ mi mú níbi ijó ní 1971
mo ti bu omi sí òdòdó

N kò lè rí òdòdó náà. Mo gbà á gbọ́.
Mo ka ìyókù sókè, ìyá mi dákẹ́ nínú yàrá.
"Hanus wo? Èyí tó máa ń tẹ ni lẹ́sẹ̀?"
Ó rẹ́rìn-ín, ìbàdí dùn ún, ó bú mi.

Mo wá ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé Sùn lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú,
mo yí i sí Má sùn rárá.
Mo ṣí ìwé owó. Orúkọ àkọ́kọ́:
Arnbjørg, wákàtí mẹ́tàdínlógójì.